Wíwá Ibi Tó Jọra Lórí Máàpù: Adjarra Gẹ́gẹ́ Bí Àpẹẹrẹ

Ìbéèrè méjì ni àwọn ènìyàn máa ń dà pọ̀ bí wọ́n bá jókòó ti sọ́fúwíà máàpù. Èkíní: ohun kan wà tí wọ́n fẹ́ gbìn tàbí tí wọ́n fẹ́ kọ́, níbo ni yóò ti ṣe dáadáa? Ẹni tó ń béèrè èyí ti mọ ohun tí nǹkan náà ń fẹ́. Ilẹ̀ tó ní in ló ń wá. Èkejì: ibì kan wà tí wọ́n mọ̀ dájú, ibo ló tún dà bí rẹ̀? Ẹni tó ń béèrè ìkejì lè má mọ ohun tó mú ibẹ̀ rí bó ṣe rí. Ohun tó mọ̀ kò ju pé ọ̀pẹ ń so níbẹ̀, pé ẹ̀gẹ́ ń ta, tàbí pé kòkòrò kan ń bá irè oko jà, ó sì fẹ́ mọ ibòmíràn tí irú rẹ̀ ti lè ṣẹlẹ̀. Ìbéèrè kejì ló le jù, nítorí pé kò sí ibi méjì láyé tó jọra tán, kò sì sí ibi méjì tí kò fi ohun kan jọra. Ohun tí wọ́n bá yàn láti fi wọn ìjọra ló ń pinnu èsì, kọ̀ǹpútà kọ́.

Adjarra dára fún àpẹẹrẹ nítorí pé ó kéré, síbẹ̀ ilẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe oríṣi kan. Ó wà ní ẹkùn Ouémé ní gúúsù ìlà oòrùn orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ó fara ti Porto-Novo tí àwọn Yorùbá ń pè ní Àjàṣẹ́, ó sì bá Nàìjíríà pààlà. Àdúgbò ìṣàkóso 6 ló ní: Adjarra I, Adjarra II, Aglogbè, Honvié, Malanhoui àti Médédjonou. Ìkànìyàn 2013 ka ènìyàn 97,424 níbẹ̀. Àwọn tó ń gbẹ́ ìlù àti àwọn amọ̀kòkò ló sọ ìlú náà di olókìkí, pẹ̀lú ọjà rẹ̀ tí wọ́n ń ná ní ọrọọrún. Òkè rẹ̀ jẹ́ ilẹ̀ pupa tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ tó ń sọ Faransé ń pè ní terre de barre, ilẹ̀ tó jinlẹ̀ tó sì rọrùn láti ro. Ìsàlẹ̀ jẹ́ àkùrọ̀, níbi tí ògùrọ̀ ti hù bo etí odò tí àwọn àlejò mọ̀ sí Odò Dúdú. Òjò ibẹ̀ tó nǹkan bí 1,200 sí 1,300 mìlímítà lọ́dún, ẹ̀ẹ̀mejì ló sì ń wá: òjò àkọ́rọ̀ láti oṣù kẹta tàbí ìkẹrin títí dé ìkeje, àrọ̀kúrò láti oṣù kẹsàn-án dé ìkọkànlá, kí ẹ̀rùn tó gba ilẹ̀.

Kí sọ́fúwíà tó lè sọ pé ibì kan jọ Adjarra, ó gbọ́dọ̀ sọ Adjarra di nọ́ńbà ná. Ó máa ń pín ojú ilẹ̀ sí àwọn àpótí kéékèèké, á sì to oríṣiríṣi ìpele lé ara wọn lórí wọn: ìpele òjò, ti ooru, ti gíga ilẹ̀, ti irú ilẹ̀, ti ewéko, ti ojú ọ̀nà. Nígbà tí gbogbo ìpele bá ti wà, àpótí kọ̀ọ̀kan yóò ní òǹkà nọ́ńbà tirẹ̀, òǹkà yìí ni sọ́fúwíà sì mọ̀ sí “ibì kan”. Ohunkóhun tí kò bá sí nínú rẹ̀, kò sí rárá lójú kọ̀ǹpútà.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìpele yìí jẹ́ ọ̀fẹ́ báyìí. Robert Hijmans àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé WorldClim jáde ní 2005, wọ́n sì tún un ṣe ní 2017. Òjò àti ooru oṣooṣù ló wà nínú rẹ̀ fún gbogbo ilẹ̀ ayé, nínú àpótí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó nǹkan bí kìlómítà 1. Gíga ilẹ̀ wá láti inú iṣẹ́ tí ọkọ̀ gbalasa òfurufú Endeavour fi ọjọ́ 11 ṣe ní oṣù kejì ọdún 2000, àpótí tirẹ̀ sì jẹ́ mítà 30. SoilGrids, tí àjọ ISRIC ní Netherlands ṣe, sọ nípa ilẹ̀ ní mítà 250 mítà 250. Àwọn sátẹ́láìtì Sentinel-2 ti Yúróòpù ń ya àwòrán mítà 10 láti 2015. Ojú ọ̀nà, ọjà àti kànga wà lórí OpenStreetMap, tí àwọn olùfẹ́-inú ń yà láti 2004, àwọn ọmọ Bẹ̀nẹ̀ sì wà lára wọn. Sọ́fúwíà tó ń kó wọn pọ̀ kò gbówó lórí mọ́ pẹ̀lú: QGIS, tí Gary Sherman bẹ̀rẹ̀ ní 2002, jẹ́ ọ̀fẹ́, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tí kò lágbára púpọ̀. ArcGIS tí wọ́n ń sanwó fún ní irinṣẹ́ kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí wọ́n fi ibì kan hàn án, kó sì to àwọn yòókù bí wọ́n ṣe jọ ọ́ sí.

Ọ̀nà tó rọrùn jù láti wá ìjọra ni ti asẹ́. Wọ́n á ní kí sọ́fúwíà yọ gbogbo ibi tí òjò rẹ̀ wà láàárín 1,100 sí 1,300 mìlímítà, tí gíga rẹ̀ kò kọjá 100 mítà, tí ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ pupa tó jinlẹ̀. Ohun tó bá kù ni ìdáhùn. Àléébù rẹ̀ ni pé ó ń gé nǹkan ṣánṣán níbi tí ayé kò ti gé e. Ibi tí òjò rẹ̀ jẹ́ 1,301 ti jábọ́, bó tilẹ̀ bá Adjarra mu nínú gbogbo nǹkan yòókù, nígbà tí ibi tó kàn fara pẹ́ ẹ nínú ohun gbogbo yóò wọlé.

Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń lo ọ̀nà kejì, èyí tó ń wọn bí ibì kan ṣe jìnnà sí òmíràn nínú ìwà, kì í ṣe ní kìlómítà. Sọ́fúwíà á yọ òjò ibẹ̀ kúrò nínú òjò Adjarra, á yọ ooru kúrò nínú ooru, gíga kúrò nínú gíga, á wá pa ìyàtọ̀ wọn pọ̀ di nọ́ńbà kan. Ibi tí nọ́ńbà rẹ̀ bá kéré jù ló jọ ọ́ jù. Ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀pọ̀ olùlò ti ń ṣì í. Òjò máa ń fi ọgọ́rọ̀ọ̀rún mìlímítà yàtọ̀ láti ibì kan sí èkejì, àmọ́ ìyàtọ̀ 1 péré nínú ìwọ̀n pH ilẹ̀ túmọ̀ sí pé kíkan ilẹ̀ kan fi ìlọ́po 10 ju ti èkejì lọ. Bí wọ́n bá pa wọ́n pọ̀ bẹ́ẹ̀, òjò á bo pH mọ́lẹ̀ pátápátá, máàpù tó bá jáde á sì jẹ́ máàpù òjò lásán. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pín ìyàtọ̀ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú bí nǹkan náà ṣe sábà máa ń yàtọ̀ tó káàkiri. Ìṣòro kejì ni pé àwọn ohun kan máa ń rìn pọ̀: ibi tó bá ga sábà máa ń tutù, nítorí náà ẹni tó ka gíga àti ooru lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ti ka ohun kan lẹ́ẹ̀mejì. P. C. Mahalanobis, onímọ̀ ìṣirò ará Íńdíà, ti gbé ọ̀nà àtúnṣe rẹ̀ kalẹ̀ láti 1936, ó sì wà nínú ọ̀pọ̀ sọ́fúwíà títí di òní.

Àpẹẹrẹ kan nítòsí yóò fi bí yíyan nǹkan ṣe ń yí èsì padà hàn. Òjò Ìbàdàn lọ́dún kò jìnnà sí ti Adjarra, ẹ̀ẹ̀mejì lòun náà ń rọ̀ pẹ̀lú ìsinmi oṣù kẹjọ láàárín, ooru wọn kò sì yàtọ̀ púpọ̀. Sọ́fúwíà tó bá wo ojú ọjọ́ nìkan yóò gbé Ìbàdàn sí iwájú Accra, tó wà létí òkun bíi ti agbègbè Adjarra, àmọ́ tí òjò rẹ̀ kò ju nǹkan bí 800 mìlímítà lọ́dún. Accra wà ní àárín gbígbẹ àlàfo tí igbó kìjikìji Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti já, tí ọ̀dàn fi dé etí òkun láti gúúsù ìlà oòrùn Ghana kọjá Togo dé Bẹ̀nẹ̀. Àwọn onímọ̀ ṣì ń pè é ní àlàfo Dahomey, ìpẹ̀kun rẹ̀ ní ìlà oòrùn ni Adjarra wà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi ìpele ilẹ̀ kún un, Ìbàdàn á rẹ̀yìn. Orí àpáta líle ni Ìbàdàn wà, ní nǹkan bí 200 mítà sókè òkun, bẹ́ẹ̀ orí iyanrìn àti amọ̀ tí omi kó jọ láti ayébáyé ni Adjarra tẹ̀dó sí. Ẹni tó fẹ́ gbin àgbàdo lè fara mọ́ ìdáhùn àkọ́kọ́. Ẹni tó fẹ́ gbẹ́ kànga kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn.

Àwọn ọ̀nà yòókù kò gba àlàyé gígùn. Wladimir Köppen ti pín ojú ọjọ́ ayé sí ìsọ̀rí láti òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ìsọ̀rí Aw tirẹ̀ sì gba Adjarra, Ìbàdàn, Bangkok àti Darwin ní Ọsirélíà pọ̀. Èyí tóbi jù láti wúlò fún àgbẹ̀. BIOCLIM tí wọ́n ṣe ní Ọsirélíà ní àwọn ọdún 1980, àti MaxEnt tó jáde ní 2006, máa ń gba ibi púpọ̀ dípò ẹyọ kan: wọ́n á fi gbogbo ibi tí igi tàbí kòkòrò kan ti hàn hàn wọ́n, wọ́n á sì wá ohun tó pa àwọn ibẹ̀ pọ̀. Ohun kan tó ṣe pàtàkì fún ẹni tó ń wo ìkọjá òkun ni yíyí kàlẹ́ńdà. Ìgbà òjò ní apá gúúsù ayé kì í bá tiwa mu, nítorí náà sọ́fúwíà tó bá fi oṣù kẹrin wé oṣù kẹrin yóò sọ pé ibi méjì tó jọra kò jọra. FloraMap àti Homologue, tí Peter Jones ṣe ní CIAT, ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Kòlóńbíà, máa ń yí oṣù ká títí ìgbà òjò ibi méjèèjì yóò fi bára mu kó tó wọn ìyàtọ̀.

Ìtàn tó fi ìwúlò gbogbo èyí hàn jù ní Bẹ̀nẹ̀ ni ti ẹ̀gẹ́. Kòkòrò tíntín-ín aláwọ̀ ewé kan, Mononychellus tanajoa, tó jẹ́ mọ̀lẹ́bí aláǹtakùn, ti Gúúsù Amẹ́ríkà wọ Áfíríkà. Uganda ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i ní 1971. Inú ewé ẹ̀gẹ́ ló ń fà mu, ẹ̀rùn sì ni ìgbà tirẹ̀: ewé tuntun á ní àmì funfun wínníwínní, á súnkì, orí ẹ̀gẹ́ á sì gbẹ dà sílẹ̀. Àjọ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA tó wà ní Ìbàdàn pinnu láti wá kòkòrò tó ń jẹ ẹ́ ní ilẹ̀ baba rẹ̀. Láàárín 1984 sí 1988, ó ju mílíọ̀nù 5 irú apẹran bẹ́ẹ̀ tí wọ́n kó láti Kòlóńbíà tí wọ́n tú sílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè 10 ní Áfíríkà. Kò sí ìkankan tó dúró. Àlàyé tí àwọn onímọ̀ ṣe ni pé wọn kò lè fara da afẹ́fẹ́ gbígbẹ, wọn kò sì rí oúnjẹ mìíràn nígbà tí kòkòrò ẹ̀gẹ́ bá dínkù.

Wọ́n wá yí ìbéèrè náà padà. Dípò “níbo ni apẹran wà?”, wọ́n béèrè pé níbo ní Gúúsù Amẹ́ríkà ni òjò rẹ̀ àti gígùn ẹ̀rùn rẹ̀ bá ibi tí kòkòrò yìí ti ń ṣọṣẹ́ ní Áfíríkà mu. J. S. Yaninek ti IITA àti Anthony Bellotti ti CIAT gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ ní ìpàdé kan ní Cotonou ní 1986, ìwé rẹ̀ sì jáde ní 1987. Àríwá ìlà oòrùn Brazil ni ìdáhùn tọ́ka sí. Ní agbègbè Cruz das Almas ní Bahia ni wọ́n ti rí apẹran kan tó ń jẹ́ Typhlodromalus aripo, wọ́n sì tú u sílẹ̀ ní 1993 nínú oko ẹ̀gẹ́ ní Sè, gúúsù ìwọ̀-oòrùn Bẹ̀nẹ̀. Èyí dúró, ó sì tàn káàkiri.

T. aripo máa ń sá pamọ́ sínú ọ̀mùnú ẹ̀gẹ́ ní ọ̀sán, á sì sọ̀kalẹ̀ sórí ewé ní òru láti wá ohun tí yóò jẹ. Nítorí náà, irú ẹ̀gẹ́ tí ọ̀mùnú rẹ̀ nírun ló fẹ́ràn jù. Níbi tí àgbẹ̀ bá gbin irú tó dán, kì í pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Kò sí máàpù òjò tàbí ti ooru tó lè sọ èyí. Máàpù ló mú àwọn olùwádìí dé Bahia, èyí kì í sì í ṣe iṣẹ́ kékeré lórí ilẹ̀ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n irun orí ẹ̀gẹ́, ojú ènìyàn ló rí i.

Ọ̀pẹ fi ewu mìíràn hàn. Ọ̀pẹ wà káàkiri Adjarra, nínú oko àti lẹ́yìnkùlé, epo rẹ̀ àti sódábì tí wọ́n ń fi ẹmu rẹ̀ sè sì wà lára ohun tí ìlú náà ń tà. Bí wọ́n bá fi àwọn ọ̀pẹ yìí bọ́ MaxEnt, yóò gbà pé òjò 1,200 mìlímítà tẹ́ ọ̀pẹ lọ́rùn. Kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Oko ọ̀pẹ ńlá ń fẹ́ nǹkan bí 1,800 mìlímítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí kò sì ní sí ẹ̀rùn gígùn láàárín. Ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ tó wà ní Pobè láti 1922, láàárín àwọn Yorùbá apá ìlà oòrùn Bẹ̀nẹ̀, ti pẹ́ tó ti ń lo àìtó òjò ibẹ̀ láti mọ irú ọ̀pẹ tó lè fara da ọ̀gbẹlẹ̀. Ibi tí nǹkan ti lè wà láàyè yàtọ̀ sí ibi tí yóò ti mówó wọlé, sọ́fúwíà kì í sì í mọ èwo nínú méjèèjì ni wọ́n ń béèrè.

Àkùrọ̀ ni ọ̀ràn ti ṣòro jù. Ìjọba àti àwọn olùwádìí ń wá ibi tí wọ́n ti lè gbin ìrẹsì sí i, àwọn àfonífojì kéékèèké tí omi ń dúró sí sì ni wọ́n tẹjú mọ́. Ní 2020, Komlavi Akpoti àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí àwọn ará AfricaRice, àjọ ìwádìí ìrẹsì, wà lára wọn, tẹ ìwádìí jáde tó fi irú ọ̀nà MaxEnt yẹn wá àkùrọ̀ tó yẹ fún ìrẹsì ní Bẹ̀nẹ̀ àti Togo. Fún orílẹ̀-èdè lódindi, iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wúlò gan-an. Fún Adjarra nìkan, ẹni tó bá lo àpótí kìlómítà 1 yóò ṣi ọ̀nà. Àkùrọ̀ ibẹ̀ lè má fẹ̀ ju ìwọ̀nba mítà lọ, ilẹ̀ pupa sì wà lókè rẹ̀ lápá méjèèjì. Nínú àpótí kan ṣoṣo, sọ́fúwíà á po òkè pọ̀ mọ́ ìsàlẹ̀, á yọ ìpíndọ́gba, á sì máa wá ibi tó jọ ilẹ̀ ọlọ́rinrin díẹ̀, tó pupa díẹ̀, tí kò sí níbikíbi ní Adjarra. Gíga ilẹ̀ ní mítà 30 àti àwòrán Sentinel-2 tí wọ́n yà ní ẹ̀rùn, nígbà tí koríko òkè ti gbẹ tí ti àkùrọ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀, ni wọ́n fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ààlà náà ní wàhálà tirẹ̀. Waldo Tobler sọ ní 1970 pé ohun gbogbo ló kan ara wọn, àmọ́ àwọn tó sún mọ́ra kan ara wọn jù. Nípa bẹ́ẹ̀, abúlé tó jọ Médédjonou jù lè jẹ́ èyí tó wà ní ìkọjá ẹnubodè. Ilẹ̀ kan náà ni, òjò kan náà, ẹbí kan náà nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n ìkànìyàn Bẹ̀nẹ̀ tí wọ́n ń lò jẹ́ ti 2013, ti Nàìjíríà jẹ́ ti 2006. Ètò ìsọ̀rí Faransé ni ORSTOM, àjọ ìwádìí ti Faransé, fi ya máàpù ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà tẹ̀lé ètò mìíràn, orúkọ tí wọ́n sì fún ilẹ̀ pupa kan náà kò bára mu. Ẹni tó bá kó méjèèjì sínú sọ́fúwíà láìṣe àtúnṣe yóò rí ìyàtọ̀ gbọọrọ lórí ààlà, bẹ́ẹ̀ àwọn akọ̀wé ìjọba ló fà á. Òjò pàápàá kò mọ́ tó bó ṣe rí lórí àwòrán: ibi tí wọ́n ti ń wọn ọ́n kò pọ̀, ìṣirò ni wọ́n fi kún àlàfo tó wà láàárín wọn.

Ìdí nìyí tí iṣẹ́ kò fi parí lórí tábìlì. QField, tó ń bá QGIS ṣiṣẹ́, máa ń gbé máàpù sórí fóònù, kí ẹni tó lọ sóko lè dúró sínú àpótí náà gan-an kó sì kọ ohun tó rí sílẹ̀. Ohun tí wọ́n ń wá kò ju díẹ̀ lọ: bí omi ṣe jìn tó nínú kànga ní oṣù kejì, ẹni tó ni ilẹ̀, ohun tí wọ́n gbìn síbẹ̀ rí tí kò ṣe dáadáa. Igbó òrìṣà tún wà. Lójú sátẹ́láìtì, igi tó ṣù ni, ó sì lè jẹ́ ibi tó jọ ohun tí wọ́n ń wá jù lọ ní gbogbo agbègbè. Ará ìlú kan ṣoṣo yóò sọ ní ìṣẹ́jú kan pé kò sí ẹni tó ń gé ẹ̀ka níbẹ̀.

Ohun tuntun tó wọ pápá yìí ni ẹ̀rọ onílàákàyè. Terrapattern, tí àwọn ará Carnegie Mellon ní Amẹ́ríkà ṣe ní 2016, gba kí ènìyàn tẹ orí ohun kan nínú àwòrán ìlú mélòó kan, kó sì rí àwọn tó jọ ọ́. Ní 2025, Google DeepMind gbé AlphaEarth Foundations jáde, tó sọ àpótí mítà 10 kọ̀ọ̀kan lórí ilẹ̀ ayé di nọ́ńbà 64 fún ọdún kọ̀ọ̀kan láti 2017. Ó yára, ó sì rí ohun tí ìpele àtijọ́ kò rí, ṣùgbọ́n kò sí ìkankan nínú nọ́ńbà 64 náà tó ń jẹ́ òjò tàbí ilẹ̀. Bó bá sọ pé àkùrọ̀ kan ní Badagry jọ ti Honvié, kò lè sọ ohun tó fi jọ ọ́, ẹni tí yóò fi owó rẹ̀ gbin ìrẹsì síbẹ̀ sì nílò láti mọ̀ ọ́n.

Wọ́n tún ń lo ìjọra láti wo iwájú: níbo lónìí ni ojú ọjọ́ rẹ̀ dà bí èyí tí Adjarra yóò ní bí ayé bá gbóná sí i, kí àwọn àgbẹ̀ lè lọ kọ́ṣẹ́ níbẹ̀? CCAFS, ètò ìwádìí lórí ojú ọjọ́ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, gbé irinṣẹ́ kan jáde fún èyí ní 2011. Ní 2019, ìwádìí kan láti Switzerland lórí ìlú ńlá 520 sọ pé ní 2050, London yóò sún mọ́ ojú ọjọ́ Barcelona ti òní. Ìwádìí kan náà rí i pé ìlú 22 nínú 100 yóò bọ́ sí irú ojú ọjọ́ tí ìlú ńlá kankan kò ní lónìí, ilẹ̀ olóoru ni ọ̀pọ̀ wọn sì wà. Ọ̀pọ̀ sọ́fúwíà kò mọ bí wọ́n ṣe ń dá irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lóhùn. Wọ́n á ṣáà mú èyí tó sún mọ́ ọn jù wá, bó tilẹ̀ jìnnà réré. Èyí tó bá kọ bí ìjọra náà ṣe pọ̀ tó sí ẹ̀gbẹ́ èsì, tó sì lè sọ pé kò sí, nìkan ló yẹ kí wọ́n fi ṣètò ilẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.